Abẹ́rẹ́ Tó Kújú

Bàbá Jọláadé jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù abẹ́rẹ́ ojú, níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ oníná sẹ́yìn ẹyinjú afọ́jú kó lè ríran, ó ń fọ́nnu bí ìṣe rẹ̀.

"Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, orí mi ṣì dúdú bí kóró iṣin!"

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

Ìbídùnní tó ń bá a pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àwọn ti tẹ́lẹ̀ yìí ti kújú. Tí wọ́n bá ta iná sẹ́yìn ẹyinjú yín, sẹ́ẹ̀lì tó ń rí ìmọ́lẹ̀ àti èyí tó ń rí òkùnkùn á jọ ta jí, funfun á wá di dúdú lójú yín. Tuntun yìí ṣe tín-ín-rín. Sẹ́ẹ̀lì tó bá pè nìkan ló ń jẹ́ ẹ."

Ó tan iná abẹ́rẹ́ tuntun náà. Bàbá ṣẹ́jú, ó rí ìyàwó rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Jọláadé! Ewú bo orí rẹ báyìí? O mà ti darúgbó o!"

Ìyàwó rẹ̀ yọ dígí nínú báàgì, ó nà án sí i. "Ẹ kú oríire, Bàbá Jọláadé."

Bàbá wo dígí. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Orí tó fi ń yangàn funfun báláú bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Ó rọra yíjú sí Ìbídùnní.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé o ò tíì da àwọn tó kújú yẹn nù?"