Ẹ Kúnlẹ̀, Mọ́mì

"Ẹ dìde. Ẹ jókòó. Ẹ tún dìde."

Ìyá aránṣọ ń làágùn, ó sì ń ṣépè sínú.

Dókítà ní oríkèé orúnkún rẹ̀ ti gbó, pé eré ìdárayá ni oògùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ilé ìwòsàn ní kó máa kọ́ ọ yìí, ìkà paraku ni. Kì í rẹ́rìn-ín, kò sì mọ "ẹ pẹ̀lẹ́". Bí ìyá bá ké yéè, "Ẹ tún un ṣe" ló máa fi dá a lóhùn.

Ohun tó ń bí ìyá nínú jù ni pé orúnkún náà ń sàn. Lánàá, ó gun àtẹ̀gùn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láì di ohunkóhun mú.

Lónìí, ọmọkùnrin náà ju tìmùtìmù kan sílẹ̀.

"Ẹ kúnlẹ̀ síbí, Mọ́mì."

"Kí n kúnlẹ̀ fún ta ni? Ìwọ, ọmọ tí mo lè bí? Ṣé orí ẹ pé?"

Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Àpá ló kún orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Tìmùtìmù lèmi fi sílẹ̀ fún yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òkúta wẹ́wẹ́ lẹ máa ń dà sílẹ̀ fún mi, ìyàwó bàbá mi.

"Ó yá, ẹ kúnlẹ̀."