Dísìkì Gòjé

Àlájà Sàláátù, olórin wákà ní Gàmbàrí, wọ ṣọ́ọ̀bù Yáhàyá ní Táíwò Road.

Yáhàyá ń ta dísìkì tí wọ́n ń kì bọ kíbọ́ọ̀dù kó lè mú ohùn oríṣiríṣi jáde.

"Mo fẹ́ ohùn gòjé," Àlájà wí. "Kíbọ́ọ̀dù kì í jẹun, kì í sì í béèrè owó mọ́tò."

Ó san ọ̀ọ́dúnrún náírà.

Ohùn náà dùn, àmọ́ ẹnì kan ń wúkọ́ nínú rẹ̀.

Ó padà wá.

"Tuntun ti jáde, Àlájà. Kò ní ikọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni, àmọ́ tí ẹ bá dá ti àtijọ́ padà, ẹ ó san irinwó."

Ó san án.

Nígbà tí wọ́n lò ó níbi ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò Fate, owó rọ̀jò lé e lórí.

Ó tún padà wá, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Yáhàyá, òyìnbó wo ló ta gòjé yìí?"

Yáhàyá ká kọ́tìnì ẹ̀yìn sókè.

Láwàní ló jókòó síbẹ̀ tó ń ta gòjé sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, atagòjé tí Àlájà lé dànù lẹ́yìn ààwẹ̀ nítorí pé ó ní kí wọ́n fi àádọ́ta náírà kún owó òun.

Àlájà sún mọ́ ọn.

"Láwàní, padà wá. Mo gbà, màá san àádọ́ta náírà yẹn."

"Ti Láwàní àtijọ́ nìyẹn, Àlájà," Láwàní dáhùn. "Tuntun ti jáde."