Ẹ̀jẹ̀ Ìbejì

"Màmá, ẹ gbé Kẹ́hìndé nìkan fún mi," ni nọ́ọ̀sì wí, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ìyá àgbà di àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú lórí itan. "Tí o bá máa gún Kẹ́hìndé, gún Táíwò náà."

"Kò sí nǹkan tó ṣe Táíwò! Ẹ ò gbọ́ igbe ẹ̀ ni? Kẹ́hìndé tó ń sùn ṣáá là ń bẹ̀rù. Tí àìsàn inú ọ̀fun tó máa ń mú ọmọ tuntun sùn ṣáá bá wà lára ẹ̀, tí kò tètè lo oògùn, kò ní gbọ́n, kò sì ní ga."

"Mo gbọ́. Ohun tá a bá ṣe fún ọ̀kan nílé yìí, a máa ń ṣe é fún èkejì. Àbí kí o máa lọ."

Nọ́ọ̀sì pòṣé, ó sì gún gìgísẹ̀ àwọn méjèèjì, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò.

Nígbà tí èsì dé láti Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì gbé oògùn wá. Ìyá àgbà fi omijé gbé Kẹ́hìndé fún un.

Nọ́ọ̀sì kò gbà á. Ó kúnlẹ̀. "Oorun lásán ni tiẹ̀, Màmá. Oògùn Táíwò ni mo gbé wá."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Táíwò ń fa ọmú ìyá rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.