Àwọn Àna Tí Kò Rùn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ bá mi gbe orin.

Imú Asín mú. Ojú nìkan ni Òkété, ọkọ rẹ̀, gbà gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àlejò mẹ́ta dé, tojú tohùn bí ẹbí Asín. Òkété dọ̀bálẹ̀ fún àna: "Ẹ gba ọmọ gbé!"

Asín fi orin bọnu:

Baálé mi, wọn ò rùn o,
Jànkoróbo!
Ohun tó ń mí ló ń rùn o,
Jànkoróbo!

"Ṣé imú la fi ń mọ àna ni?"

Asín da ata síná. Òkété wúkọ́, ọmọ sín. Àwọn àlejò ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Asín já ọmọ gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, wọ́n dìde. "Àna wa, ojú tó gbà wá wọlé là ń mú lọ."

Ta ló rí òkété lọ́sàn-án rí? Wọ́n mú ojú ọ̀sán rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.