Delphine Kan, Tábìlì Kẹta

“Delphine kan, tábìlì kẹta!” ni agbáwo ilé oúnjẹ kan ké sí ilé ìdáná, làwọn alásè bá bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó wà ní tábìlì kẹta ti lé tìróò, ó kọjú sí ọ̀nà Sakété. Gbogbo ọ̀kadà zémíjàn tó bá dúró, ọkàn rẹ̀ á fò fẹ̀rẹ̀ bí ẹyẹ.

“Kí ló ń jẹ́ Delphine?” ni Océane, òṣìṣẹ́ tuntun, béèrè.

“Obìnrin tó ń dúró de ọkùnrin tí kò ní í wá ni. Wọ́n ní Delphine kan jókòó síbẹ̀ yẹn láyé ọjọ́un títí ilẹ̀ fi ṣú. Òpònú!” Agbáwo pòṣé, ó lọ bá obìnrin náà. “Màdáàmù, ẹ dìde o. Àwọn tó fẹ́ jẹun ń bọ̀.”

“Jẹ́ kó jókòó.”

Ìyá tó ni ilé oúnjẹ ni, ẹni tí gbogbo wọn mọ̀ sí Tàntí. Ó gbé àkàsà àti ẹja síwájú obìnrin náà, ó sì fìdí lé àga tó ṣófo.

“Lọ́jọ́ tèmi, kò sẹ́ni tó bá mi jókòó.” Ó wo agbáwo tìkà-tẹ̀gbin. “O ò ké mọ́? Ké sí wọn: Delphine méjì, tábìlì kẹta!”