Ọ̀rọ̀ Àwọn Tó Ń To Eegun

Pásítọ̀ àgbà na apá ọ̀tún tó kán sí obìnrin tó ń to eegun.

Apá tó fi ń súre fún ìjọ nìyí. Bí kò bá tò, kò ní lè gbé e sókè mọ́.

Obìnrin náà kì í jẹ́ kí aláìsàn dákẹ́. Ẹni tó bá ń rojọ́ kì í mọ ìgbà tí wọ́n máa fa eegun òun.

"Bàbá, kí lẹ wàásù lé lórí lọ́jọ́ ìsìn?"

"'Ẹ mú un bọ̀ sípò.' Lédè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ ni. Apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe ń lò ó. Ẹ̀yin tó ń to eegun náà ń lò ó."

"Àwa náà wà nínú Bíbélì? Ẹ ò rí nǹkan."

"Ẹni tó bá ṣubú, ká rọra tò ó. Ohun tó wí nìyẹn."

Ìka obìnrin náà ń wá ojú ibi tó kán.

"Ta lẹ wá tò rí, bàbá?"

Pásítọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jọ ẹ̀rín.

"Ọmọbìnrin kan lóyún nínú akọrin wa, ó ti tó ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹsẹ Bíbélì yìí náà la kà lé e lórí ká tó lé e jáde. Mi ò tíì mọ Gíríìkì nígbà náà."

"Ibo ló wá gbà?"

"Ta ló mọ̀? A ò bèè—"

Obìnrin náà fà á.

Pásítọ̀ ké bí ọmọ ọwọ́.

Obìnrin náà rọra ń di igi mọ́ apá náà.

"Ibi tí mo gbà nìyí, bàbá. Ó ti tò. Nígbàkígbà tí ẹ bá gbé e sókè súre, ẹ sọ ẹni tó tò ó fún ìjọ. Bí ẹ bá dákẹ́, eegun yín ṣáà mọ̀ mí."