Ẹ Kọjú Sí Oòrùn

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ẹjọ́ náà kéré, ọ̀dà aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kùn ún, kò sì ní ohun kan tí ènìyàn ìbá fi tẹjú mọ́ ọn. Síbẹ̀, láti àárọ̀ ni àwọn oníkámẹ́rà ti tò síwájú rẹ̀, tí wọ́n ń wò ó bí ológbò ṣe ń wo ihò eku. Mọ́tò dúdú kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn náà, dírẹ́bà rẹ̀ ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n ń dúró dè, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Òun nìkan ló rí ẹni tó dáná sun ilé aládùúgbò wọn, ó sì ti sọ ọ́ fún adájọ́ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Wọn ò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí ojú rẹ̀ yà lónìí, tirẹ̀ ni ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn ọ̀la. Àwọn ẹmẹ̀wà ẹni tó dáná sunlé náà ṣì wà nígboro, àwọn náà a sì máa ra ìwé ìròyìn.

Àtamátàsé ló kọ́kọ́ dé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn, torí pé àwòrán kan kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bá a du ibi tó bá fẹ́ dúró sí. Lónìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún nù ún.

"Ọ̀gá, ṣé kò rẹ̀ yín?" Òpó bi í. Òpó ga débi pé òun nìkan ni kì í gun àga yàwòrán.

"Kò rẹ̀ mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín lórí àga tirẹ̀. "Ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin? Kí wá ni ká sọ? Olóòtú wa ní bí mi ò bá mú ojú ọmọ yẹn bọ̀, kí n má wulẹ̀ yọjú lọ́la."

"Àwọn ìbejì yẹn á ti tó ọmọ ọdún mélòó báyìí?"

"Wọ́n ti pé mẹ́wàá. Kí ló dé, sà?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò wo ilẹ̀kùn rárá. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, àwọn oníkámẹ́rà fúnra wọn ló ń yà: bí wọ́n ṣe ń gun àga, bí wọ́n ṣe ń di ojú kan, bí wọ́n ṣe ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìpàtẹ àwòrán nípa àwọn tó ń ya gbogbo ayé tí ẹnikẹ́ni kì í yà. Ó ti bẹ Àtamátàsé títí lóṣù tó kọjá, ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀. Lánàá ló ṣàdédé pè é pé kó máa bọ̀.

"Ọmọ yìí, kúrò lójú mi!" Òpó jágbe mọ́ ọn.

"Fi í sílẹ̀," Àtamátàsé ní. "Ìgbà wo lẹnìkan yà ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ rí?"

Òpó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

"Òótọ́ ni o," Ìyá Ìbejì ní. "Àwọn ọmọ mi ò ní fọ́tò kan tí mo ti gbé kámẹ́rà dání. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Fóònù gbọ̀n lápò Àtamátàsé, lẹ́ẹ̀kan péré. Kò yọ ọ́ wò.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó yà wá pọ̀ kíákíá, kí iṣẹ́ tó dé."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó gbé kámẹ́rà sójú. Àtamátàsé mi orí.

"Ẹ̀yìn wa ni oòrùn wà. Ojú wa á dúdú bí ìdí ìkòkò."

Gbogbo wọn gbójú sókè. Bẹ́ẹ̀ ló rí, kò sì sí ayàwòrán tó máa gbà kí ojú òun ṣókùnkùn nínú fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ ya òun.

"Ẹ yíjú padà, ẹ kọjú sí oòrùn. Ọmọ mi, bọ́ sápá títì."

"Ilẹ̀kùn wá ńkọ́, Ọ̀gá?" Òpó bi í.

"Bí èmi bá lè kẹ́yìn sí i, kí lẹ̀yin ń bẹ̀rù?"

Ọ̀rọ̀ náà tó wọn. Wọ́n to ara wọn, wọ́n ń tún kọ́là ṣe, wọ́n ń bára wọn jà lórí ẹni tó máa wà níwájú. Àtamátàsé ò bá wọn du iwájú. Ẹ̀yìn gan-an ló lọ, ó sún sọ́tùn-ún, ó sún díẹ̀ sósì, ó wá dúró. Ó na ọwọ́ sókè, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbàràgàdà.

"Ẹ rẹ́rìn-ín!" ó kígbe. "Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa!"

Kámẹ́rà dún. Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé gbàà.

Nígbà tí Òpó fi máa yíjú, mọ́tò dúdú náà ti ń gba igun ọ̀nà. Ìyá Ìbejì ká ọwọ́ lérí. Ẹnìkan ń ṣépè. Òpó ló kọ́kọ́ rántí, ló bá fò mọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà.

"Ìwọ lo kọjú sí ilẹ̀kùn! O ti yà á! Gbé e wá!"

Wọ́n rọ̀gbà yí kámẹ́rà ká. Gbogbo wọn ló wà nínú àwòrán náà, tí ẹ̀rín kún ẹnu wọn, tí oòrùn tàn sójú wọn. Lẹ́yìn wọn ni ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, pẹ̀lú ọlọ́pàá kan àti ọmọbìnrin aláṣọ búlúù kan. Àtẹ́lẹwọ́ Àtamátàsé ló wà níbi tó yẹ kí ojú ọmọ náà wà.

"Ọwọ́ yín!" Ìyá Ìbejì nàka sí àwòrán náà. "Ọ̀gá, ọwọ́ yín ló bà á jẹ́!"

Àtamátàsé wo àwòrán náà pẹ́. Ó jókòó sórí àga Ìyá Ìbejì, ó ń mí gúlegúle.

"Mo tàsé," ó ní. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ. Àgbà ti dé."

Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Òpó bu omi fún un. Nígbà tí olóòtú tirẹ̀ pè, ó ní òun ò rí nǹkan kan yà, ó sì gbọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ní í sọ.

Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin náà sáré wá dì mọ́ ọn, pẹ̀lú aṣọ búlúù yẹn lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé wọ́n rí mi?"